Gbígbé Oúnjẹ fún Gbajúmọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dọ́ tó ń Ṣiṣẹ́ Ọlidé l'Ékòó

Ní ìparí oṣù keje, nígbà tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé gígùn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ l'Ékòó máa ń wá iṣẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, àti ọ̀dọ̀ àwọn alásè tó ń gba iṣẹ́ òde. Àsìkò yẹn náà ni àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń kó àwọn ọmọ wọn wálé, tí ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí kì í sì í wọ́n ní Sátidé. Bí o bá rí iṣẹ́ sí Ìkẹjà, Victoria Island tàbí Lẹ́kkí, kò ní pẹ́ tí wàá fi gbé àwo síwájú ẹni tó o ti ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti kékeré: òṣèré, olórin, agbábọ́ọ̀lù, sẹ́nétọ̀, Ọba aládé.

Ìwọ àbúrò mi tí o kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ gbà ni pé àlejò ni gbajúmọ̀ yìí. Ó wá jẹun, ó wá bá ẹni tó pè é yọ̀, ó sì fẹ́ padà sílé ní àlàáfíà. Gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn ló ń wò ó. Tìrẹ nìkan ló yẹ kó máa wo àwo tó wà níwájú rẹ̀. Bí o bá ti gba èyí, ìyókù á rọrùn fún ọ.

Kó o tó gba iṣẹ́

Bi ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ ní ìbéèrè, má tijú. Èló ni owó ọjọ́ kan? Ṣé alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń san án àbí ìparí oṣù? Ta ló ń ra yunifọ́ọ̀mù? Bí ife bá fọ́, ṣé wọ́n á yọ owó rẹ̀ nínú tèmi? Èyí tó ṣe kókó jù, tí àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń gbàgbé, ni pé: báwo ni mo ṣe máa délé? Òde tí wọ́n ní aago méjì ọ̀sán ló máa bẹ̀rẹ̀ lè má tíì gbóná ní aago márùn-ún, ó sì lè di aago mọ́kànlá alẹ́ kí ẹ tó palẹ̀ mọ́ tán. Bí ilé yín bá wà ní Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà, tí òde sì wà ní Lẹ́kkí, má gba iṣẹ́ náà bí kò bá sí ọkọ̀ tó máa gbé ẹ̀yin òṣìṣẹ́ padà, tàbí ibi tí ẹ máa sùn tí àwọn òbí rẹ mọ̀.

Bí o kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mú ọ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi, àròpọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ kò sì gbọ́dọ̀ ju wákàtí 8 lọ. Iṣẹ́ òru kì í ṣe tìrẹ. Sọ ọjọ́ orí rẹ gan-an fún wọn, má fi ọdún kún un torí owó.

Ẹni tó bá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀, fi í sílẹ̀. Ìwọ ló yẹ kí wọ́n sanwó fún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó o lọ ṣe àyẹ̀wò ara, má rò pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìpínlẹ̀ Èkó fẹ́ kí àwọn tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ tí wọ́n ń tà ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n tún lè gbé ìwé kan fún ọ pé o kò ní sọ ohun tó o bá rí lẹ́nu iṣẹ́ síta. Kà á tán kó o tó fọwọ́ sí i, yà á sínú fóònù rẹ, kó o sì fi han àwọn òbí rẹ.

Ìmúra

Ṣòkòtò tàbí síkẹ́ẹ̀tì dúdú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, bàtà dúdú tó bo ìka ẹsẹ̀ tí kì í yọ̀ lórí táìlì. Gé èékánná rẹ. Bí o bá máa fín lọ́fínńdà rárá, kó kéré, kí òórùn rẹ má baà ṣáájú òórùn oúnjẹ dé tábìlì. Jẹun kó o tó kúrò nílé, torí ebi máa ń hàn lójú ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri.

Fi tíréè dánra wò nílé kí ọjọ́ tó pé. To ìgò omi bíi mẹ́fà sí i lórí, gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, kó o máa rìn láti ilé ìdáná lọ sí ìta, kó o padà. Ohun tó wúwo ni kó wà láàárín, lókè àtẹ́lẹwọ́ rẹ gan-an. Bí o bá ń mú nǹkan kúrò lórí rẹ̀, mú ọ̀kan ní apá ọ̀tún, mú ọ̀kan ní apá òsì, kí ìyókù má baà dojú dé. Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń gbé nǹkan fún àlejò, kò sì sí ẹni tó yẹ kó kọ́ ọmọ Yorùbá nìyẹn.

Mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀

Kí àlejò tó dé, wọ́n á ti pín tábìlì fún yín. Mọ nọ́ńbà tìrẹ, mọ ọ̀nà ilé ìdáná, mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà àti ọ̀nà ẹ̀yìn tí èèyàn lè gbà jáde. Gbajúmọ̀ kì í fẹ́ dìde máa bèèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri nínú èrò. Bó bá ti gbójú sókè lọ́nà kan ṣáá, tí ìwọ sì sún mọ́ ọn, tó o sọ fún un wẹ́rẹ́ pé "ọ̀nà ọ̀tún ni, sà," o ti ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, wá ẹni tó bá a wá. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹnìkan tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ tó mú fóònù méjì dání, tí kò jókòó. Ẹni yẹn ni kó o bá sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ohun kan wà tí wọn kì í jẹ?" Bó bá ní wọn kì í jẹ iyọ̀, tàbí wọn kì í fẹnu kan ṣúgà, ohun tó o máa sọ nílé ìdáná kò ju "tábìlì 5, àwo kan láìsí iyọ̀" lọ. O kò gbọ́dọ̀ dárúkọ. Àwọn tó ń bu oúnjẹ níbẹ̀ pọ̀, ẹnu wọn sì pọ̀. Bí o bá fi orúkọ pọ̀ mọ́ àìsàn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di ọ̀rọ̀ ìgboro nìyẹn.

Àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń dùn mí: ẹ̀ṣọ́, awakọ̀, àti àwọn ọmọ olórin tó ń lu ìlù láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ọ̀gá wọn bá dìde, wọ́n gbọ́dọ̀ dìde, yálà wọ́n ti jẹun tàbí wọn kò jẹ. Bẹ ọ̀gá rẹ kó jẹ́ kó o di takeaway fún wọn kí kúlà tó gbẹ. Ìyá àgbà tó jókòó sí tábìlì tó wà ní igun, tí kò gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àlejò lòun náà. Bí ìrẹsì bá dé ọ̀dọ̀ òṣèré lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn, ẹni tó pe òde ló ń gba èébú nígbà tó bá yá.

Ìkíni

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ káàbọ̀ sà." Ó ti tó. Fi orí kí i tàbí kó o tẹ orúnkún díẹ̀, tíréè rẹ kò ní dà. Bó bá jẹ́ òṣèré, má fi orúkọ tó jẹ́ nínú fíìmù pè é. Ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ ìyẹn dé ibi tó ti sú wọn. Bó bá jẹ́ olórin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tìrẹ lọ, tàbí tí o tilẹ̀ ju ú lọ, "ẹ" ṣì ni kó o máa lò fún un. Àlejò ló jẹ́ lónìí, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ.

Tí Ọba bá wà níbẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni. "Kábíyèsí o" ni ìkíni. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n gbé tíréè sílẹ̀ ná, má fi ìgò lọ́wọ́ dọ̀bálẹ̀. Má na ọwọ́ sí Ọba pé kó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Má gba iwájú rẹ̀ kọjá nígbà tí àwọn èèyàn bá ń kí i. Nínú àṣà wa, Ọba kì í jẹun lójú gbogbo ayé, ohun tó bá sì máa mu, ọwọ́ àwọn tó bá a wá láti ààfin ló sábà máa ń gbà kọjá. Nítorí náà, bo ohun tó o gbé wá, fi lé àwọn èèyàn ààfin lọ́wọ́, kí Kábíyèsí, kó o sì rìn sẹ́yìn díẹ̀ kó o tó yí ẹ̀yìn padà.

Omi, ọtí, oúnjẹ

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Omi ni kó kọ́kọ́ dé tábìlì, kí small chops tó dé, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Má ṣí ìgò níbi kankan àfi níwájú ẹni tó máa mu ún. Gbé e wá pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, jẹ́ kó rí orúkọ tó wà lára rẹ̀, kó o wá já a níṣojú rẹ̀ kó gbọ́ bó ṣe dún. Àwọn tí ayé mọ̀ máa ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń mu, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í mu ohun tí wọ́n bá bá ní ṣíṣí lórí tábìlì. Wọn kò fojú burúkú wò ọ́. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ní ìdí.

Bó bá fi ife rẹ̀ sílẹ̀ tó lọ jó, má ṣe bu ọtí kún un. Èyí ni ọ̀pọ̀ wétà tuntun kò mọ̀. Wọ́n rí ife tó ti dé ìdajì, wọ́n ní àwọn ń ṣe dáadáa, wọ́n bá kún un fọ́fọ́. Ẹni tó ní ife náà kò mọ ohun tó ti wọ inú rẹ̀ nígbà tí òun kò sí níbẹ̀, kò sì ní mu ún mọ́. Gbé ife yẹn kúrò. Bó bá padà jókòó, gbé ife tuntun àti ìgò tuntun wá, kó o tún já a níwájú rẹ̀.

Tí ó bá kan oúnjẹ, agbádá ni kó o kọ́kọ́ wò. Apá agbádá máa ń bo etí tábìlì, tí ọkùnrin náà bá sì yí padà láti kí ẹnìkan, apá yẹn lè gbá àwo ọbẹ̀ dànù kó o tó mọ̀. Má gbé àwo lé e. Dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, oúnjẹ ti dé." Òun fúnra rẹ̀ á ká agbádá lé èjìká, apá òsì, apá ọ̀tún. Ìgbà tó bá ká èkejì tán ni kó o gbé e kalẹ̀. Ti àwọn obìnrin, gèlè ni. Gèlè tó ga kì í jẹ́ kí ẹni tó wé e rí ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Má yọ sí i lójijì. Sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ tó dé iwájú rẹ̀, kó o sì gba ẹ̀gbẹ́ tí kò kọjú sí nígbà tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kí àwo má baà gba àárín ọ̀rọ̀ wọn kọjá.

Àmàlà, iyán, ẹ̀bà: omi ìfọwọ́ ló ń ṣáájú, omi ló sì ń gbẹ̀yìn. Gbé abọ́ wá pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ, àti táwẹ́lì tó mọ́. Ìwọ ni kó o da omi sí i lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, kó má ta sí léèsì tàbí aṣọ òkè. Béèrè bóyá fóòkì ni wọ́n fẹ́. Àwọn kan kò ní fẹ́ fi ọwọ́ jẹun níbi tí kámẹ́rà wà, ìyẹn kò sì kàn ọ́. Ọbẹ̀ ní abọ́ tirẹ̀, má da gbẹ̀gìrì àti ewédú pọ̀ kí wọ́n tó ní kó o dà á pọ̀. Tí ẹni náà bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í mu ọtí, kó ìgò ọtí kúrò níwájú rẹ̀ láìsọ ohunkóhun, kí àwòrán má baà mú un pẹ̀lú ìgò tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí i pé ìwà kékeré yìí ni àwọn àgbàlagbà máa ń torí rẹ̀ béèrè orúkọ ọmọ tó gbé oúnjẹ fún wọn.

Bí ọbẹ̀ bá dà lé èèyàn lára, "ẹ má bínú mà" lẹ́ẹ̀kan ti tó. Na táwẹ́lì mímọ́ sí i. Má fi ọwọ́ ara rẹ nù ún, pàápàá bó bá jẹ́ àyà tàbí itan. Pe ọ̀gá rẹ lójú ẹsẹ̀, má sá lọ sí ilé ìdáná. Bó bá bú ọ, gbà á, má fèsì. Ọ̀gá rẹ ló máa sọ ìyókù.

Fóònù rẹ

Pa á, kó o fi sínú àpò tó wà níbi ìpààrọ̀ aṣọ. Má tọrọ fọ́tò lọ́wọ́ gbajúmọ̀ nígbà tó o bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kódà bí ẹ̀rín rẹ̀ bá pọ̀ tó. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní "wá ká ya fọ́tò," wo ojú ọ̀gá rẹ ná. Tó bá gbà, ya ẹyọ kan, dúpẹ́, padà síbi iṣẹ́.

Ohun tó lágbára jù ni ibi tí gbajúmọ̀ náà wà. Má kọ ọ́ sí Facebook, Instagram tàbí WhatsApp pé lágbájá wà nínú gbọ̀ngàn wa báyìí. Èrò lè kóra jọ sí ẹnu géètì, ẹni tó ní ìkà lọ́kàn sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ á gbà. Òótọ́ ni pé àwọn kan máa fẹ́ fún ọ lówó kó o fún wọn ní fídíò. Iṣẹ́ rẹ ni owó yẹn máa gbà lọ, orúkọ rẹ á sì bá a lọ. Nọ́ńbà fóònù àlejò, nọ́ńbà yàrá rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá a wá: gbogbo rẹ̀ ti ara ẹni ni, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà sì ti wà láti ọdún 2023. Má sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ tó sún mọ́ ọ jù lọ pàápàá.

Owó

Bí àlejò bá fún ọ ní nǹkan, mọ òfin ilé iṣẹ́ yín kó tó dọjọ́ náà. Ní ibòmíràn ìwọ lo ni ín, ní ibòmíràn ẹ máa kó o jọ pín. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, "ẹ ṣé mà, a dúpẹ́," kó o kúrò níbẹ̀. Má dúró yí tábìlì ká, má sọ pé "ẹ rántí wa o." Ẹni tó fẹ́ fúnni mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Owó tí wọ́n ń fọ́n sí olórin tàbí ìyàwó lára kì í ṣe tìrẹ, má bẹ̀rẹ̀ mú un. Òfin báńkì àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà, tó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán, tàbí kó san ó kéré tán ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó rán Bobrisky, gbajúmọ̀ orí ayélujára, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, bí ilẹ̀ ijó bá ti kún fún owó, gba ẹ̀gbẹ́ ògiri gbé tíréè rẹ kọjá, má tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹnìkan bá kọjá àyè rẹ̀

Mo fẹ́ kó o ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ńlá kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí o kò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fún un láṣẹ láti ní kó o wá bá òun ní yàrá. Bó bá ṣẹlẹ̀, sún sẹ́yìn, sọ pé "ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fẹ́," kó o sì lọ bá ọ̀gá rẹ. Ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí tábìlì yẹn. Bí wọ́n bá ní kó o gbé oúnjẹ lọ sí yàrá àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ ní méjì, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ jáde. Má gba ọtí lọ́wọ́ àlejò, má jẹ́ kó gbé ọ sílé nínú ọkọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀gá rẹ bá fi rẹ́rìn-ín, tàbí ó ní kó o fara dà á torí pé ènìyàn ńlá ni, kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Sọ fún àgbàlagbà tó o fọkàn tán nílé. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ kan fún irú ọ̀rọ̀ yìí, DSVA ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa gbọ́ tìrẹ, ọmọkùnrin ni ọ́ o, ọmọbìnrin ni ọ́ o.

Kó o tó lọ sílé

Ka àwọn àwo àti síbí tó wà lábẹ́ rẹ, fi han ọ̀gá rẹ. Bí o bá rí fóònù, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí pọ́ọ̀sì lábẹ́ àga, má fi sápò pé o máa dá a padà lọ́la. Gbé e fún ọ̀gá rẹ níwájú ẹlòmíràn, kí ẹ kọ aago tó o rí i sílẹ̀. Gba owó rẹ, kà á níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní inú àkáǹtì ló máa wọ̀, béèrè ọjọ́ tó máa wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà: "Ẹ kú iṣẹ́ àná mà. Mo ti délé láyọ̀." Fi àwọn Sátidé tó o ráyè kún un. Oṣù Kejìlá ni iṣẹ́ òde máa ń pọ̀ jù l'Ékòó, owó rẹ̀ sì máa ń ju ti ìgbà òjò lọ. Ìwé nọ́ńbà oṣù kẹjọ ni àwọn alásè máa ń ṣí láti pe èèyàn nígbà náà, nítorí náà rí i pé nọ́ńbà tó o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò ní yí padà kó tó dìgbà yẹn.